Àjà Kì í Gbé Iná

Ní Port Harcourt, èèyàn kì í gbójú sókè nínú ilé àfi tí òrùlé bá ń jò sí i lórí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi lè gbé lábẹ́ iná kan títí ọjọ́ ogbó láìbéèrè ohun tó dì í mú. Èmi ni mo máa ń wá ohun tó máa dì í mú. Iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun nìyẹn láti ọdún 1999 títí orúnkún mi fi sọ fún mi pé òun ò gun àkàbà mọ́. Àwọn oníbàárà ń pè mí ní Madam Light, àwọn tiwa ń pè mí ní Ìyá Ṣeun.

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń bi mí bóyá kí àwọn kọ́ iṣẹ́ iná tàbí kí àwọn má kọ́ ọ. N ò ní fi ọ̀rọ̀ owó dá yín dúró. Iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó rán ọmọ níwèé, ó kọ́ ilé kékeré kan fún mi ní Oyigbo, ó tán. Ohun tí ẹ ní láti mọ̀ ni ìbéèrè tí yóò máa bi yín lójoojúmọ́: níbo ni kí n gbé e sí, kí sì ni yóò gbé e ró? Tí ìbéèrè yẹn bá máa sú yín, ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn.

Diobu ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, ìyá mi sì ń ta abọ́ onírin. Èmi ń bá àǹtí mi ta ohun èlò iná ní Mile 3. Mo ti lọ́kọ nígbà náà, mo ti bí Ṣeun. Àwọn oníbàárà á gbé iná dání, wọ́n á ní báwo ni àwọn ṣe máa gbé e kọ́, èmi náà á sọ ohunkóhun tó bá wá sí mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, mo ń sọ fún obìnrin kan pé kó kàn án mọ́ ibi tó bá wù ú. Ọkùnrin ará Okrika kan tó wá ra súkúrù wà nítòsí. Ó wò mí, ó wo obìnrin náà, ó ní kí obìnrin náà kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ilé rẹ̀ ná. Mo bi í léèrè bí èèyàn ṣe ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ilé. Ó ní kí n wá wò ó lọ́jọ́ kejì. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Dágogo nìyẹn.

Ó le. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan wáyà fún ìgbà pípẹ́. Kíkan àjà ló kọ́kọ́ kọ́ mi. N óò gun àkàbà, n óò fi oríkèé ìka kan àjà láti ògiri kan dé èkejì, n óò máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Níbi tí kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, á dún pò-ò, bí ìgbà tí a bá kan páálí. Níbi tí igi bá wà, ohùn á ki, á sì kúrú. Igi yẹn ni mo gbọ́dọ̀ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Ọ̀gá mi á jókòó, á kẹ́yìn sí mi, á máa fetí gbọ́ mi. Tí mo bá fi àmì síbi tí kò yẹ, kò ní yíjú padà, á kàn ní, “Again.” Ìka mi bó. Ọkọ mi rí i, ó ní ṣé ìjà ni mo ń lọ jà níbi iṣẹ́.

Òfin tí Ọ̀gá Dágogo fi ń ṣiṣẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Ó ní, “Ceiling na cloth. House get bone. Na the bone you go find.” Aṣọ lásán ni àjà jẹ́ lára ilé, igi òrùlé ni egungun rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gbé ẹrù kọ́ aṣọ tó wà lọ́rùn ẹlòmíràn.

Ó ní àṣà kan pẹ̀lú tí n kò rí lọ́wọ́ oníṣẹ́ iná mìíràn. Tó bá ti jẹ́ iná tó wúwo, ẹni tó bá ri ìkọ́ mọ́ òkè gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di ìkọ́ náà mú, kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àkàbà, kó rọ̀ síbẹ̀ níṣojú onílé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi náà rọ̀, ilé kan ní Okrika ni, ní òdìkejì afárá. Mo ti wọ ṣòkòtò wá nítorí rẹ̀. Gbogbo ará ilé jáde wá wò mí. Ìyá àgbà kan bi ọ̀gá mi ní ohun tí mo ṣe tó fi ń fìyà jẹ mí. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, kò yìn mí, ó kàn gbé iná náà lé mi lọ́wọ́ pé kí n so ó. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti mu omi.

Ọ̀nà kan ò wọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà kan ò gbé iná kọ́. Ayálégbé tó ń gbé yàrá kan máa ń kó iná rẹ̀ lọ tó bá ń kó jáde, títí dórí gílóòbù. Fún irú wọn, orí ògiri ni mo máa ń gbé e sí, pẹ̀lú súkúrù tó ṣeé tú, kí onílé má baà rí ihò nínú àjà rẹ̀ kó dá ìjà sílẹ̀. Lẹ́bàá omi, irin máa ń dípẹtà kíákíá, nítorí náà súkúrù idẹ ni à ń lò. Iná tó dà bí abọ́, kòkòrò àti omi òjò ló máa ń gbà jọ, a kì í gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tí aláìsàn bá wà nínú ilé, mo máa ń béèrè ibi tí orí rẹ̀ ń kọ sí, kí n tó gun àkàbà. Ẹni tó ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru kò yẹ kí iná máa ràn sí lójú. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni a máa ń gbé e sí, lára ògiri, kó rọra tàn. Irú àwọn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í pẹ́ tán.

Ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni mo ń bọ̀ wá sọ. Wọ́n ti ń kọ́ ọ tipẹ́ ní Diobu. Nígbà tó fi máa parí, mo ti gba òmìnira, mo ti ń dá ṣiṣẹ́, wọ́n sì fa iṣẹ́ iná ibẹ̀ lé mi lọ́wọ́ nítorí pé ọmọ ilé ni mí. Gbogbo Yorùbá tó ń kọ́lé ní ìlú yìí ni yóò wọ gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ kan ṣáá. Tí iṣẹ́ mi bá dára níbẹ̀, orúkọ mi yóò tàn dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Tó bá bàjẹ́, yóò tàn bẹ́ẹ̀ náà.

Bàbá Àkànbí ni alága ẹgbẹ́ nígbà yẹn. Ó ń ta páànù àti símẹ́ǹtì, ó lawọ́, gbogbo wa la sì ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Ó ra ṣandẹlíà kan láti òkè òkun, ó fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Irin àti dígí ni látòkè délẹ̀, ọkùnrin méjì ló gbé e wọlé. Ó fẹ́ kó wà ní àárín gbùngbùn, lókè tábìlì àwọn àgbà.

Mo gun àkàbà, mo kan àjà. Àjà pí-ó-pí ni, funfun báláú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún tán. Ní àárín gbùngbùn, pò-ò ló ń dún. Igi òrùlé tó sún mọ́ ọn jù wà lápá ẹnu ọ̀nà, ó jìnnà sí i tó ìwọ̀n èèyàn kan tó na ara sílẹ̀. Ohun méjì la lè ṣe. Ká gbé iná náà lọ sábẹ́ igi yẹn, kó kúrò láàárín. Tàbí ká gé àjà, ká na páìpù irin láti orí igi kan sí èkejì, ká so ìkọ́ mọ́ páìpù náà, ká tún àjà dí, ká tún un kùn. Èyí ì bá ti sún ọjọ́ ìṣílé síwájú, wọ́n sì ti pe àwọn èèyàn.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé fún wọn. Mo ní, “Ẹ̀yin bàbá, tí a bá so ó mọ́ àjà níbí, yóò já.”

Ìyá kan fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ ká, ó tàka. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bàbá Àkànbí kò pariwo, ó fara balẹ̀ wò mí, ó ní, “Mojí, kí ló dé tí o fi ń pe ibi sí ẹ̀bùn tí mo mú wá?”

Mo ní n ò pe ibi, ìwúwo iná ni mo ń sọ. Wọ́n ní kí n sọ pé kò ní já. Mo ní kò ní já tí a bá gbé e sábẹ́ igi. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ láìfi ohunkóhun kún un. Ìyá tó tàka yẹn rán mi létí pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n nílé yín. Láàárín wa, ẹni tó bá dárúkọ jàǹbá ti ránṣẹ́ pè é. Mo sì gbàgbọ́ pé àwọn àgbà wọ̀nyí kò ní ọ̀tẹ̀ kankan sí mi, wọ́n ń dáàbò bo ilé wọn ni. Wọ́n na ọwọ́ sí ṣandẹlíà náà, wọ́n gbàdúrà tó gùn lé e lórí. Lẹ́yìn àmín, wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi.

Ẹlòmíràn ló so ó, pẹ̀lú irú bóòtù onírin tó máa ń la apá tó bá ti wọnú àjà, tó ń di àjà nìkan mú. Ọjọ́ ìṣílé dé, ó tàn, ó dára. Kí n má purọ́, ó dára púpọ̀. Àwọn èèyàn ń bi mí tẹ̀rín-tẹ̀rín pé ṣé kò tíì já. Nígbà tí mo ròyìn fún Ọ̀gá Dágogo, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “So your people dey use prayer hang light.” Ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Òjò dé. Omi gba ibi páànù kan wọlé, ó dúró sókè àjà, àjà mu ún títí ó fi rọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé kan, bí akọ̀wé ti ń ka ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé tó kọjá, ṣandẹlíà náà já. Etí tábìlì àwọn àgbà ló kọ́kọ́ bà, ó wá gbá Bàbá Àkànbí ní èjìká ọ̀tún. Egungun ibẹ̀ fọ́, dígí sì ya ojú rẹ̀. Kò sí ẹni tó kú. Iṣẹ́ ni mo ń ṣe ní Oyigbo nígbà tí wọ́n pè mí.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọdé lè rò pé wọ́n wá bẹ̀ mí. Wọn ò bẹ̀ mí o. Òwe tí wọ́n fi mí pa ni pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ? Èmi ni àjẹ́ àná. Mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, ó sì ti ṣẹ. Kò sẹ́ni tó rántí igi òrùlé.

Ìyá mi wá bá mi pẹ̀lú omijé. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ti ní kó mú mi lọ síwájú ibùsùn Bàbá, kí n kúnlẹ̀, kí n kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, kí ara rẹ̀ lè yá. Mo lọ. Mo kúnlẹ̀. Àánú ọkùnrin náà ṣe mí gidigidi, ojú rẹ̀ wú, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá, Ọlọ́run á wò yín sàn. Ìyàwó rẹ̀ ń dúró de ìyókù. Ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. N ò sọ ọ́.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ bí ìsọkúsọ, àmọ́ mo ti rò ó wò. Tí mo bá ní mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, mo ti gbà pé ẹnu mi ló já iná náà. Ta ni yóò tún jẹ́ kí irú ẹnu bẹ́ẹ̀ wọ ilé òun wá so nǹkan sókè orí àwọn ọmọ òun? Bàbá Àkànbí kàn ń wò mí. Mo dìde, mo kí wọn, mo jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, àwọn Yorùbá ìlú yìí kò pè mí síṣẹ́ mọ́. Wọ́n ń kí ìyá mi ní ìdajì ẹnu lọ́jà. Inú bí mi, ó sì bí mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá mi kú kí ọ̀rọ̀ náà tó tán. Nínú gbogbo rẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù.

Àwọn onílé Ikwerre ló bọ́ mi, àtàwọn ará Okrika tó mọ̀ mí nítorí ọ̀gá mi, àtàwọn tó ń kọ́ ilé fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Alakahia. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́gbọ́n. N kì í sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé nǹkan yóò já. Mo máa ń ní, “Ọ̀hún ni yóò ti pẹ́ jù.” Bí mo bá ń sọ ọ́ ní Pidgin, á di, “Na there e go last.” N ò tíì rí onílé tó tàka sí kí nǹkan pẹ́. Ẹ kọ́ ìyẹn mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín, nítorí bí ọwọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ yìí náà ni ẹnu ń ṣe é.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Dírílì tí à ń fọwọ́ yí ni mo bá, ikùn la fi ń tì í wọlé. Èyí tó ń lo iná dé, a sì ń wá jẹnẹrétọ̀ kiri nítorí pé ibi tí a ti fẹ́ gbé iná kọ́ gan-an kò ní iná. Lẹ́yìn náà ni oní-bátìrì dé. Fún dẹ́kìn, àjà tí wọ́n fi kọnkéré dà, igi ni mo ń gbẹ́ tí mo ń gbá sínú ihò kí súkúrù lè di nǹkan mú. Rọ́bà ló gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ igi. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń ké tó bá rí igi lẹ́yìn àjà. Mo ra ọ̀kan. Ó ń ké sí igi, ó ń ké sí ìṣó, ó ń ké sí ibi tí kò sí nǹkan kan, ni mo bá fún Ṣeun kó fi ṣeré. Àwọn iná òde òní fúyẹ́, pẹlẹbẹ ni wọ́n, ihò ni wọ́n ń dá lu fún wọn. Àwọn oníṣẹ́ ìsinsìnyí kì í sábà kan àjà, púpọ̀ iṣẹ́ wọn kò sì béèrè fún un. N ò bá wọn jà.

Ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí ilé tuntun kan ní Oyigbo. N ò mọ onílé títí mo fi wọlé. Bàbá Àkànbí ló jókòó sínú pálọ̀, ó ti di arúgbó, apá ọ̀tún rẹ̀ kò gòkè kọjá àyà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì wà níbẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ àtijọ́ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìyá méjì tó wá wo ilé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Kò sí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ àná sílẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ti ra iná ńlá kan, ó sì fẹ́ kó wà láàárín pálọ̀, sókè ibi tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó. Mo gun àkàbà, mo kan àjà níbẹ̀. Pò-ò. Mo kàn án lọ síwájú títí mo fi bá igi, ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo nawọ́ sí fèrèsé, mo ní, “Bàbá, ọ̀hún ni yóò ti pẹ́ jù.”

Ọmọ rẹ̀ ní kò ní wuyì níbẹ̀. Akọ̀wé ní àárín dára, Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ọ. Bàbá Àkànbí kò wo ẹnì kankan nínú wọn, èmi ló ń wò.

Ó ní, “N ò bi ọ́ nípa ọ̀hún, Mojí. Tí a bá gbé e síbí ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ náà wà ní ètè mi, ó wúwo. Mo wo àwọn ìyá méjèèjì. Mo rántí ìyá mi. Mo ní, “Yóò já, Bàbá.”

Ìyá kan ti gbé ọwọ́ lọ sórí, akọ̀wé sì ti la ẹnu. Bàbá Àkànbí na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ìyá náà sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ó ní, “Ó dáa. Gbé e síbòmíràn.”